Ìjàpá tó ń ṣí igbá ẹ̀yìn: kí ni kí ẹ yàn fún inú Beetle olórùlé kíká?

Ìjókòó ni mo kọ́kọ́ rà. Awọ gidi ni, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí obì, okùn ìránṣọ rẹ̀ sì funfun kedere. Mo gbé e sínú Super Beetle ọdún 1974 tí mo rà ní Houston, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Kí ọdún tó yí po, awọ náà ti gan bí pọ̀nmọ́ tí iná ò tíì kàn, abẹ́ rẹ̀ sì ti ń bu. Awọ kọ́ ló jẹ̀bi. Òrùlé ló ń jò, èmi sì ti fi owó òrùlé ra ìjókòó.

Ìdí nìyẹn tí ìfiwéra yìí fi máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ kò ní inú tó jẹ́ inú tán pátápátá. Oòrùn ń wò ó, ìrì ń sẹ̀ sí i, òjò òjijì sì lè bá yín níbi iná pupa kí ẹ tó rí òrùlé fà bọ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kó síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: bí omi bá kàn ọ́, báwo lo ṣe máa ń gbẹ? Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó béèrè bó ṣe rẹwà tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ Beetle ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Ìjàpá la ń pè é, ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀ ní Èkó nígbà yẹn, lójú ọ̀nà Badagry. Ṣùgbọ́n olórùlé líle ni ìyẹn. Èyí tó ń bọ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Karmann ní ìlú Osnabrück lórílẹ̀-èdè Jámánì ló ń ṣe é, láti 1949 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe jẹ́ 331,847. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àpò yín, torí kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ bá tú lára ìjàpá ilé ló máa wọ olórùlé kíká. Sítíárì, ọwọ́ ìyígíláàsì àti férémù ìjókòó iwájú lè bá a mu, bí ọdún wọn bá súnmọ́ra (ìjókòó iwájú láti 1973 lọ sókè ń jókòó lórí irin tó yàtọ̀ sí ti ìṣáájú). Ìjókòó ẹ̀yìn kò lè bá a mu rárá: ti Karmann há, nítorí pé irin òrùlé ló gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pákó tó bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn náà yàtọ̀, torí gíláàsì ẹ̀yìn èyí ń wọlẹ̀, ó sì nílò ihò fún ọwọ́ tí a fi ń yí i. Mo ti rí ẹni tó ra odidi ìjókòó ẹ̀yìn tòkúnbọ̀, tó wá ń fi ayùn rẹ́ férémù rẹ̀. Ẹ má dé ibẹ̀.

Òrùlé: léda tàbí kánfáàsì?

Òrùlé Beetle kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wo ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré bíi MGB, aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n nà sórí irin. Ti Karmann nípọn bíi tìmùtìmù: aṣọ òde wà lókè, ìtẹ́ tó ki wà láàárín, aṣọ inú sì bo irin mọ́lẹ̀ tí ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ kò fi ní rí i. Fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀, gíláàsì gidi ni, kì í ṣe ọ̀rá. Ìyẹn ni ariwo àti òtútù kì í fi í pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn náà ni òrùlé tí a bá ká fi ń ga lẹ́yìn bíi gèlè ìyá ìyàwó, tí awakọ̀ á máa na ọrùn kó tó rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Òrùlé bo àjà mọ́lẹ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Beetle, ohun tí òrùlé ń bò mọ́lẹ̀ ni igi. Ọ̀kan wà níwájú lókè gíláàsì, òmíràn wà lẹ́yìn, àwọn ni wọ́n kan aṣọ mọ́. Tí omi bá ti ń gba ojú ìṣó wọlé fún ọdún mélòó kan, igi náà á jẹrà, ẹ ò sì ní mọ̀, torí aṣọ ṣì bò ó. Ẹ mú síkírúdíráfà, ẹ fi ẹnu rẹ̀ gún un díẹ̀ létí ìṣó. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ kan mọ́ínmọ́ín, igi tuntun ló kàn, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ aṣọ.

Nípa aṣọ òde: léda, ìyẹn rọ́bà tó jọ awọ tí àwọn olóyìnbó ń pè ní vinyl, ló dín owó. Omi kì í wọ̀ ọ́, ọṣẹ àti kànrìnkàn sì ti tó láti fọ̀ ọ́. Ohun tó ń pa á ni oòrùn. Ooru ń fa òróró tó mú un rọ̀ jáde kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti gbẹ tán, á sún kì, á le, á sì la níbi tí wọ́n ti ń ká a. Kánfáàsì wọ́n jù ú lọ dáadáa. Àwọn oníṣòwò ṣì ń pè é ní mohair, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ewúrẹ́ Angora tó fún un lórúkọ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Òwú àfẹ̀rọṣe ló wà lóde, rọ́bà wà láàárín, aṣọ míì wà lábẹ́. Ó rọrùn láti ká, kì í dán wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ bí bàtà ọlọ́pàá, ó sì máa ń fara da oòrùn pẹ́ ju léda lọ. Àmọ́ erùpẹ̀ ń wọ inú òwú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ máa fi àmì sílẹ̀, ẹ sì ní láti máa fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọlé pa á lára lóòrèkóòrè.

Èwo ni kí ẹ mú? Tí ọkọ̀ yín bá ń sùn nínú gáréèjì, kánfáàsì. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Tó bá jẹ́ abẹ́ igi ló ń sùn, pàápàá igi tí ẹyẹ ń gbé orí rẹ̀, ẹ mú léda tó dáa, kí ẹ fi owó tó kù ra aṣọ ìbora fún un.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má dá ìtẹ́ àárín àtijọ́ padà sábẹ́ aṣọ tuntun. Ó ti mu omi ogójì ọdún, òórùn rẹ̀ kò ní lọ. Kí wọ́n tó na aṣọ rárá, ẹ ti pààrọ̀ rọ́bà etí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tún gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe kí wọ́n máa jókòó dáadáa, torí ara wọn ni òrùlé máa fi ìwọ̀n rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá parí iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó wà ní nínà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí aṣọ náà lè mọ ìrísí irin. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá jáde lọ́wọ́ oníṣẹ́ ni èèyàn máa ń fẹ́ ṣí i gba àdúgbò kọjá. Ẹ ní sùúrù. Ẹ má sì ká a ní tútù láé.

Ilẹ̀ ọkọ̀

A ti fo ìjókòó kọjá, mo mọ̀. A máa padà síbẹ̀.

Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé líle kò ní ohun tó di orí rẹ̀ mú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé gbogbo ara. Nínú Beetle, irin oníhò tó gùn lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá, wà lára ohun tó mú un dúró, Karmann sì fi irin míì kún un fún olórùlé kíká. Ibẹ̀ gan-an ni ìpẹtà fẹ́ràn. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Bó bá há lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ láàárín bí ẹṣin arúgbó. Wẹ́dà ló kàn, kì í ṣe oníkápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ta iná wẹ́dà kan ṣoṣo tó bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun lè kó yín sí wàhálà tí owó rẹ̀ ju ti kápẹ́ẹ̀tì lọ.

Tí irin bá ti dáa, rọ́bà ni ọ̀pọ̀ Beetle àtijọ́ fi bo ilẹ̀ níwájú. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀: ẹ lè fi omi ṣàn án, ẹ gbé e sóòrùn, ó tán. Kápẹ́ẹ̀tì náílọ̀n rọ̀ lójú ju rọ́bà lọ, ó tètè ń gbẹ, kò sì wọ́n jù. Kápẹ́ẹ̀tì irun àgùntàn ni ọba wọn tó bá dọ̀rọ̀ ẹwà, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń ṣí orí lágbègbè òjò, ẹran tó ń mu omi ni. Ohun tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Ìtẹ́ oníhóró tó dà bí àpò ìdọ̀họ máa ń gba omi dúró sórí irin fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Fóòmù tí ihò rẹ̀ dí, tí omi kò lè wọ̀, ló yẹ níbẹ̀. Ẹ lẹ ti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má lẹ ti ilẹ̀ pátá. Ẹ kàn tẹ́ ẹ, kí ẹ lè máa gbé e sókè lẹ́yìn òjò.

Ìjókòó: awọ, léda, aṣọ

| | Awọ gidi | Léda | Aṣọ |
|---|---|---|---|
| Oòrùn | ó ń gbẹ, ó ń là bí a kò bá fi òróró pa á | ó gbóná mọ́ itan. Ó ń le bó bá dàgbà | ara gbà á. Àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí |
| Omi | kò fẹ́ ẹ | kò bẹ̀rù rẹ̀ àfi lójú ìránṣọ | ó ń mu ún, ó ń bu |
| Owó | ó wọ́n jù | àárín | kò wọ́n púpọ̀ |
| Ó jọ ti ìbẹ̀rẹ̀? | rárá, fún ọ̀pọ̀ Beetle | bẹ́ẹ̀ ni | díẹ̀ nínú wọn |

Tábìlì kò lè sọ tán. Awọ màlúù ní àpá: ibi tí wáyà ti fà á ya nígbà tó wà láàyè, ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní gé ojú ìjókòó láti ibi ikùn, torí ibẹ̀ ń nà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé awọ kan ṣoṣo máa tó gbogbo ọkọ̀, yálà kò tíì ṣe é rí tàbí ó fẹ́ fi ikùn màlúù yẹn bò yín lójú. Àti pé, jẹ́ kí n sọ òótọ́, awọ gidi nínú Beetle dà bí ẹni tó wọ agbádá sányán lọ sóko. Ó lẹ́wà, àmọ́ gbogbo wa ń wò ó.

Ohun tí mo fi sínú tèmi nígbà kejì ni léda tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti po oògùn mọ́ ọn kí oòrùn má tètè bà á jẹ́, kí ó má sì tètè bu, torí ìjókòó ọkọ̀ ojú omi kì í rí ìbòòji. Àléébù rẹ̀ ni pé àpẹẹrẹ ojú rẹ̀ kì í sábà bá ti Volkswagen mu. Ti Volkswagen ìgbà kan ní ojú bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rí gẹ́lẹ́ bó ṣe kúrò ní Osnabrück ní láti ra èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi TMI lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rán sílẹ̀. Ìyẹn á wọ̀ ọ́ láìsí gbọ́nmi-si, bí ẹ bá sọ ọdún ọkọ̀ àti pé Cabriolet, ìyẹn olórùlé kíká, ni.

Tèmi, Ìbàdàn ni wọ́n ti rán an. Mo tú ojú ìjókòó àtijọ́, mo ká a sínú àpótí, mo gbé e lọ sílé lásìkò Kérésì pẹ̀lú léda tuntun. Bàbá tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tú ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó wá bi mí léèrè fóòmù tí mo fẹ́ fi sábẹ́ rẹ̀. Mo ní èyíkéyìí tó bá ṣáà rọ̀.

"Ọmọ mi, fóòmù ibùsùn lo ń wí yẹn. Oṣù mẹ́ta, wàá máa jókòó lórí irin."

Òótọ́ ló sọ, ó sì jẹ́ ká dé orí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiwéra: ohun inú ìjókòó. Sípíríǹgì ló wà nísàlẹ̀ ìjókòó Beetle, lórí rẹ̀ ni ìtẹ́ irun ẹṣin tàbí háhá àgbọn tí wọ́n fi rọ́bà pò. Ìtẹ́ yìí ń mí, omi ń gbà á kọjá, atẹ́gùn sì ń gbẹ ẹ́. Tó bá dàgbà, ó máa di lẹ́bú, ẹ ó máa rí ìyẹ̀fun pupa nílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Tuntun rẹ̀ wà lọ́jà, ó sì wọ́n ju fóòmù. Fóòmù rọrùn láti gé, gbogbo ọjà ló ti ń tà á, ẹ sì lè sọ bó ṣe máa le tó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń fa omi bíi kànrìnkàn tó jẹ́, sípíríǹgì sì máa ń jẹ ẹ́ láti abẹ́. Bí ẹ bá máa lo fóòmù, kó jẹ́ èyí tó ki, kí ẹ fi aṣọ líle ya á sọ́tọ̀ sí sípíríǹgì, kí ẹ sì fi ọ̀rá tín-ínrín bò ó lókè kí ojú ìránṣọ tó jò má bàa sọ ọ́ di àmù. Fún ìjókòó iwájú, ìtẹ́ irun ni mo mú. Fún ti ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í sábà jókòó sí, fóòmù ni.

Nípa àwọ̀, dúdú ló bá ọkọ̀ àtijọ́ mu jù, òun ló sì ń jó itan jù. Àwọ̀ iyanrìn tàbí eérú fúyẹ́ lójú oòrùn. Àmọ́ ẹ má mú àwọ̀ fúyẹ́ dé orí dáṣíbọ́ọ̀dù o. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa tàn sára gíláàsì iwájú, ẹ ò sì ní rí ọ̀nà.

Dáṣíbọ́ọ̀dù, sítíárì, rédíò

Dáṣíbọ́ọ̀dù onírin ti Beetle àtijọ́ kò ní ẹjọ́: ẹ há a, ẹ kùn ún. Ti irú Beetle tí wọ́n ń pè ní 1303, tó jáde fún ọdún 1973, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, rọ́bà rírọ̀ ló bò ó, oòrùn sì máa ń là á. Ike tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ ló dín owó jù, ojú tó mọ ọkọ̀ sì máa rí i láti òdìkejì títì. Kí ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tún un bò látòkèdélẹ̀ ló dára jù, ó sì wọ́n jù. Èmi ṣì ń wá tòkúnbọ̀ tí kò là.

Ibi sítíárì àti rédíò ni ìjà ojúlówó àti tara-ẹni ti le jù. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: ohunkóhun tí ẹ bá fi sí i, kó ṣeé tú kúrò láìsí ihò tuntun. Sítíárì onígi kékeré dára lójú, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó ń bá yín yí táyà nínú Beetle. Bí sítíárì bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe wúwo tó nígbà tí ẹ bá ń páàkì. Ẹ tọ́jú èyí tó bá a wá. Ní ti rédíò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ayùn sún mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Rewáyà tó mọṣẹ́ lè kó ẹ̀rọ Bluetooth sínú ikùn rédíò àtijọ́, tàbí kó fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Orin Àyìnlá Ọmọwúrà máa dún náà ni.

Bẹ́líìtì ìjókòó kò sí lára ohun tí à ń fiwéra. Oòrùn ti jẹ okùn rẹ̀ láti ogójì ọdún. Tuntun ni.

Ọwọ́ ta ni?

Òrùlé, ẹ gbé e fún ẹni tó ti ṣe ti Beetle rí, kì í ṣe ti ọkọ̀ míì. Kápẹ́ẹ̀tì àti ojú ìjókòó tí wọ́n ti rán sílẹ̀, ẹ lè ṣe é fúnra yín ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ẹ̀mú tó ń tẹ òrùka irin àti ọwọ́ tó lágbára. Ẹ kọ́kọ́ sá léda sóòrùn fún wákàtí kan kó lè rọ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ ṣe òrùlé àti rọ́bà ilẹ̀kùn lọ́dún yìí, kí ẹ da aṣọ àǹkárá bo ìjókòó tó ya. Mo ti rí i lára ọkọ̀ kan níbí. Ó tilẹ̀ wù mí.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ẹ dá padà kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún ni bátìrì Beetle wà, sípíríǹgì ìjókòó náà sì wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Bí èèyàn méjì tó sanra bá jókòó, tí sípíríǹgì tẹ̀ títí tó fi kan orí bátìrì, iná á ṣẹ́, ìtẹ́ irun gbígbẹ ló sì máa kọ́kọ́ rí. Ó ti jó Beetle tó pọ̀. Ìdérí kan wà tó yẹ kó wà lórí bátìrì yẹn, òun gan-an ni àwọn oníṣẹ́ sì máa ń gbàgbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó ti ìjókòó wọlé.